Ojú Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Ọwọ́ Ara Mi Fọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun Ọba tó fún mi ní ojú, tí mo sì fi àìgbọ́n tèmi gbé e dé etí ọ̀gbun, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kó já sí i. Ẹ̀rí yìí kò rọrùn fún mi láti jẹ́, nítorí ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ mí sí ẹni tó ń fún wọn nímọ̀ràn lórí oògùn ojú. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn mi nígbà náà gbọ́ eléyìí náà.

Ọmọ Ìlọrin ni mí. At-Tandabawi ni mo ń gbé ní Mẹ́kà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Àdúgbò tí àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ni. Àwọn Hausa, àwọn Fúlàní, àwọn ará Bọ̀rnú àtàwa Yorùbá la jọ wà níbẹ̀, àwọn bàbá àgbà àwọn mìíràn ló sì ti rin ìrìn-àjò Hájì wá láyé àtijọ́, tí wọn kò padà sílé mọ́. Oúnjẹ ni mo ń sè tà. Bí àsìkò Hájì tàbí Úmúrà bá dé, àwọn ará ilé á máa wá àmàlà àti ọbẹ̀ tó láta dáadáa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì máa ń bọ̀. Ìdí ààrò ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Torí náà, nígbà tí ojú ọ̀tún mi kọ́kọ́ pọ́n, mo ní èéfín ni.

Nígbà tó le sí i, àwọn tó wà nítòsí mi ní Àpólò ni. Àwa ará Nàìjíríà ò ní orúkọ mìíràn fún ojú pípọ́n. Láti ọdún 1969 tí àrùn náà ti jà ní Gánà tó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa, lásìkò tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá, la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí Àpólò bá mú, ojú rẹ̀ á máa sepin, á máa yún un, kò sì ní pẹ́ ran ará ilé rẹ̀. Tèmi kò sepin, kò yún mi, kò ran ẹnikẹ́ni. Inú ẹyinjú lọ́hùn-ún ló ti ń ro mí. Bí mo bá yọjú síta lọ́sàn-án, oòrùn Mẹ́kà á gún mi lójú débi pé màá fi ìbòrí mi bo gbogbo ojú, màá máa táràrà lọ. Ìkọ̀wé orí fóònù di kúrukùru. Láti ọjọ́ kìíní ni Ọlọ́hun ti fi àmì hàn mí pé èyí kì í ṣe Àpólò. Èmi ni mi ò wò ó.

Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nílé ni mo kọ́kọ́ ṣe. Obìnrin kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ládùúgbò fún omi ọyàn sí i fún mi. Mo ra tìróò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta egbòogi, mo fi lé e. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i pé mi ò lè sùn, ó fà mí lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ní kí n gbé àgbọ̀n mi lé orí ẹ̀rọ kan, ó tan iná tín-ín-rín sínú ojú náà, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní òun rí àwọn nǹkan wínníwínní tó ń léfòó nínú omi iwájú ojú mi, tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Uveitis ló pè é. Ó ṣàlàyé pé awọ inú ojú, èyí tó ní àwọ̀ tó sì kún fún ẹ̀jẹ̀, ló wú. Oògùn akánlójú méjì ló fún mi. Èkíní jẹ́ steroid tí yóò pa wíwú náà. Èkejì yóò mú kí ọmọlójú fẹ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́ dígí ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ dá steroid náà dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa dín in kù lábẹ́ ìṣọ́ òun.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi sọ́kàn jùlọ. Ó ní uveitis a máa jẹ́ ìránṣẹ́ àìsàn mìíràn tó fara pamọ́ sínú ara: ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò toxoplasma, àrùn Behçet, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní Vogt-Koyanagi-Harada, tí wọ́n máa ń rí dáadáa ní Saudi. Ó kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò awọ apá àti fọ́tò àyà fún mi. Mo ká ìwé náà sínú báàgì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ojú mi funfun, ìrora lọ. Mo ju oògùn náà síbì kan, mi ò sì ṣe àyẹ̀wò kankan. Mo ní ojú ló dùn mí, kí ló kan àyà?

Àìsàn náà padà wá. Nígbà tó padà, mi ò lọ rí dókítà mọ́, ìgò oògùn àtijọ́ ni mo wá rí, mo sì ń kán an fúnra mi. Bó bá tán, mo rán ọmọ lọ sí ilé oògùn. Mi ò mọ̀ pé steroid tí a ń dá kán lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, pé ó lè mú kí dígí ojú di funfun, àti pé bí kòkòrò àrùn bá wà nínú ara, ńṣe ló ń ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ìrora ń lọ. Bó bá lọ, á tún padà.

Ìgbà tó sú mi ni obìnrin kan tó ń bá ìdílé ará Íńdíà kan ṣiṣẹ́ sọ fún mi nípa Ayurveda. Ìmọ̀ ìṣègùn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà ni, kì í sì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ìwé Sushruta, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìpìlẹ̀ rẹ̀, ka àìsàn ojú tó tó 76, ó sì sọ nípa ìtọ́jú wọn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè Lárúbáwá ní Bàgídáàdì láyé Harun al-Rashid, ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Mo ní bí àwọn onímọ̀ mùsùlùmí ìgbà náà bá tẹ́wọ́ gbà á, ta ni èmi tí n óò máa ṣiyèméjì?

Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ Rosemary Odinga, ọmọ Raila Odinga ti Kẹ́ńyà, hàn mí lórí fóònù. Lẹ́yìn àìsàn kókó inú ọpọlọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́dún 2017 ni ojú rẹ̀ lọ. Ó lọ gba ìtọ́jú Ayurveda ní Kerala, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ríran padà. Olórí ìjọba Íńdíà, Narendra Modi, sọ ìtàn náà lórí rédíò ní oṣù Kejì ọdún 2022. Mi ò bi ara mi bóyá irú àìsàn tó ṣe é ló ń ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ló bà jẹ́ lára tirẹ̀, tèmi sì jẹ́ wíwú inú ojú. Mi ò tún rí i pé àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó lọ síbẹ̀, àti pé ilé ìwòsàn tó ní oníṣègùn ló lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Èmi, ṣọ́ọ̀bù ni mo lọ. Ní Ṣarafíyà ni, àdúgbò kan ní Jẹ́dà tí àwọn ará Kerala pọ̀ sí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò wo ojú mi, òǹtajà ni. Ó kó Triphala fún mi, èyí tí wọ́n fi èso igi mẹ́ta ṣe. Ó kó àwọn hóró dúdú kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára. Ó tún fi ìgò akánlójú kékeré kan lé e. Mo sanwó, mo sì gbé e wálé bí ẹni gbé ohun mímọ́.

Ojú mi san. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìdẹkùn mi wà. Uveitis a máa dé, a sì máa lọ fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, àìsàn náà ti ń rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì kó ọpẹ́ rẹ̀ fún hóró dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí polongo. Ẹnikẹ́ni tó bá wá jẹun lọ́dọ̀ mi tó ní ojú ń dun òun, màá kọ́ ọ ní ọ̀nà Ṣarafíyà. Mo sọ fún ìyá àgbà kan tí wọ́n ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ ojú pé kó má lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí nípa ìwé àyẹ̀wò, mo purọ́ fún un pé mo ti ṣe é, àbájáde rẹ̀ sì dáa. Bẹ́ẹ̀ a ò jìnnà sí mọ́sálásí Háráámù, mo sì ń kírun lójoojúmọ́.

Nínú oṣù Ràmàdáànì ni ojú náà tún gbóná, èyí sì le ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo padà sí Jẹ́dà. Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi tó ń ṣe tarpana, ìtọ́jú ojú kan nínú Ayurveda, nínú ilé rẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú mọ́ omi títí ó fi fà, ó mọ ọ́n yí ojú mi ká bí odi, ó sì da òrí wàrà màlúù tí wọ́n ti sè pẹ̀lú egbòogi sínú rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní kí n la ojú sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dùn, ara mi sì tù mí. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo ń ṣe Alihamudulilahi. Obìnrin náà kò bi mí bóyá ojú ń ro mí lọ́wọ́lọ́wọ́, bóyá mo ń kán oògùn kan. Èmi náà ò sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa gbogbo oògùn dókítà tì.

Bí mo bá gbójú sókè wo iná títì lálẹ́, òṣùmàrè á yí i ká. Orí ń fọ́ mi lápá ọ̀tún, èébì sì ń gbé mi. Mo ní ààwẹ̀ ló ń ṣe mí. Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn àṣàmù, mo dúró ní Háráámù níbi tí mo ti lè rí Kábà. Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ìkọ̀wé wúrà tó yí aṣọ Kábà po, èyí tí mo ti ń wò láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú náà, mi ò rí i mọ́. Dúdú kan lásán ló dúró níwájú mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́.

Síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn, mi ò lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń tì mí lójú. Gbogbo Tandabawi ti gbọ́ pé mo ti rí ìwòsàn, báwo ni n óò ṣe padà síwájú dókítà? Jẹ́dà ni mo tún gbà lọ, tó tó kìlómítà 80 sí ọ̀dọ̀ wa, pé kí wọ́n fún mi ní èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀. Ọlọ́hun sì ti dúró dè mí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń kọjá rí i bí mo ṣe fọwọ́ bo ojú, ó bi mí ní Lárúbáwá ohun tó ṣe mí. Mo ní oògùn Ayurveda ni mo wá rà. Ó ní, “Ayurveda ni mo kà ní yunifásítì.” Ọdún márùn-ún àbọ̀ ló fi kà á kó tó gba ìwé ẹ̀rí ní Íńdíà, kó tó wá ṣe iṣẹ́ mìíràn ní Jẹ́dà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Mo rò pé Ọlọ́hun ti gbọ́ àdúrà mi. Ó ti gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe rò ó.

Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí ojú òsì mi, ó gbé e sí ọ̀tún, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Hájà, èmi ò ní fọwọ́ kan ojú yìí. Ọmọlójú yín kò rí róbótó mọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú ni ẹ ń lọ lálẹ́ yìí.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un nípa tarpana àti Sushruta. Ó ní nínú ìwé Sushruta yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé a kì í ṣe tarpana fún ojú tí wàhálà rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba oògùn dókítà lọ́wọ́ mi ní orúkọ Ayurveda, kò mọ Ayurveda. Ó wo àwọn hóró dúdú tó wà nínú báàgì mi, ó ní kí n má gbé ọ̀kan mì mọ́, ṣùgbọ́n kí n kó gbogbo rẹ̀ dání fún dókítà. Ó gbé mi sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kò sì gba kọ́bọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú sí i. Ọ̀nà tí mo gbà sá fún ìwòsàn, ojú ọ̀nà yẹn náà ni Ọlọ́hun fi ènìyàn kan sí láti dá mi padà. Bó bá jẹ́ dókítà òyìnbó tàbí ti Lárúbáwá ló sọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, ǹ bá bá a jiyàn. Ẹnu ẹni tí mo gbà gbọ́ ni Ọlọ́hun fi bá mi sọ̀rọ̀. Súbúhánalláhì.

Lóru ọjọ́ náà wọ́n wọn ìfúnpá ojú mi. Iye tó tọ́ kì í sábà kọjá 21, tèmi ti fò kọjá rẹ̀ jìnnà. Wọ́n fún mi ní oògùn tó mú un wálẹ̀, wọ́n ń kán èyí tó ń la ọmọlójú léraléra títí apá kan rẹ̀ fi já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí mo ti ká sínú báàgì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n gún ní awọ apá mi wú, ó le, ó pọ́n. Àbájáde àwọn àyẹ̀wò náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí nínú ojú mi tọ́ka sí ibì kan: ikọ́ ẹ̀gbẹ. Mi ò wúkọ́ rí. Mi ò rù. Dókítà ní kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lè sùn nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì jẹ́ ojú ni yóò ti fi ara hàn. Tìróò, omi ọyàn, hóró dúdú àti òrí wàrà, kò sí èyí tó lè dé ibi tó wà. Steroid tí mo sì ń dá kán, ìrora nìkan ló ń pa, kò ṣe nǹkan kan fún kòkòrò náà.

Nígbà tí wọ́n rí àwọn hóró àti tìróò mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún òjé. Ó ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 2008 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì bá òjé, mákúrì tàbí arsenic nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Ẹ̀ka kan wà nínú Ayurveda tó ń fi irin àti òkúta ṣe oògùn, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó ń rà kò lè mọ èyí tó wà nínú ọ̀rá. Kí àwa Yorùbá má sì rò pé ti Íńdíà nìkan ni. Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò fún. Láti Nàìjíríà ni tìróò náà ti wá, òjé inú rẹ̀ sì ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Mo rántí gbogbo ọmọ tí mo ti lé tìróò fún níjọ́ ìsọmọlórúkọ, omi sì bọ́ lójú mi.

Oògùn mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ náà fún oṣù 2, lẹ́yìn náà ó ku méjì fún ọ̀pọ̀ oṣù sí i. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo rifampicin, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ọsàn, mo pariwo. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní àwọ̀ oògùn náà ni. Bí mo bá ti lọ, wọ́n á ní kí n ka nọ́ńbà láàárín àwọn àwọ̀ oríṣiríṣi, nítorí pé ethambutol tó wà nínú àwọn oògùn náà lè ba iṣan ojú jẹ́ bí a kò bá ṣọ́ ọ. Wọ́n tún ń yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí à ń jẹ àti èyí tí à ń mu. Mo bi í bóyá mo lè lo hóró atalẹ̀ pupa, nítorí pé mo gbọ́ pé ó dára fún ojú. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní lóòótọ́, wọ́n gbé ìwádìí kékeré kan jáde láti Lucknow ní Íńdíà lọ́dún 1999, tí wọ́n ti fi ohun tó wà nínú atalẹ̀ pupa tọ́jú àwọn tó ní uveitis, tí ara àwọn kan sì yá. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára wọn níbẹ̀ ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tí wọn kò fún lóògùn tí a lè fi wọ̀n wọ́n. Ó ní kí n fi sínú ọbẹ̀ bó bá wù mí, ṣùgbọ́n kí n má lo hóró rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí ó ti ṣe ẹ̀dọ̀ àwọn kan léṣe, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ náà sì ń fi ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin Jẹ́dà náà kò fi mí sílẹ̀. Ohun tó gbà mí nímọ̀ràn láti inú Ayurveda kò tako ti dókítà rárá: kí n máa sùn lásìkò, kí n dín iná àti èéfín kù, kí n jẹ oúnjẹ tó fúyẹ́, kí n má fọwọ́ ra ojú, kí n má sì kán ohunkóhun sójú àyàfi èyí tí dókítà bá fọwọ́ sí. Ohun tí mo ti pè ní ogun láàárín ìṣègùn méjì, kò sí ogun kankan níbẹ̀. Àìmọ̀kan àti ìgbéraga mi ló dá ogun náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ojú náà ti parọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ dígí ojú tó ti di funfun, wọ́n fi tuntun sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí báńdéèjì, ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ rí. Mo rí ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un nípa ìwé àyẹ̀wò. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun ń dúró kí Ọlọ́hun là mí lójú ni. Mo wá lọ bá gbogbo àwọn tí mo ti rán lọ sí Ṣarafíyà, mo tọrọ àforíjì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mú ìyá àgbà yẹn lọ fún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fúnra mi. Ó ti ń ríran báyìí.

Àwa mùsùlùmí fẹ́ràn ìtàn Sàyídínà Àlíyù ní Káíbàrì ní ọdún keje Híjírà, bí ojú ṣe ń dùn ún tí Àńábì Muhammadu fi itọ́ rẹ̀ sí i, tó sì san lójú ẹsẹ̀. Ìtàn yẹn ni mo rọ̀ mọ́ nígbà tí mò ń sá fún dókítà. Mo gbàgbé pé nínú hádíìsì mìíràn ni wọ́n ti kọ́ ẹni tó wọ ìhúrámù tí ojú ń dùn pé kó fi oje etí erin tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́hun tó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu náà ló dá oògùn, Òun náà ló dá ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tó bá pọ́n tó sì ń ro yín nínú, tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tí ìríran rẹ̀ sì ń di kúrukùru, kì í ṣe Àpólò. Ẹ má jẹ́ kó sun ọjọ́ kejì. Ẹni tó wà ní Ìlọrin, yunifásítì ní ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH wà, ilé ìwòsàn ojú Eléta sì wà. Ẹ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n bá kọ fún yín, kódà bí kò bá jọ ọ̀rọ̀ ojú. Ẹ má lo ìgò steroid tó ṣẹ́kù, ẹ má sì dá a dúró láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ràn ewé àti egbò, tàbí Ayurveda, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú dókítà, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi oògùn dókítà sílẹ̀, ẹ sá fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn ni. Àti tìróò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un kúrò lójú ọmọ.